Owó Orí àti Ẹ̀tọ́ Aráàlú ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ̀tọ́ aráàlú ni àwọn ààbò àti àǹfààní tí ó tọ́ sí ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ìlú kan: kí ohùn rẹ̀ lè dé ibi tí a ti ń ṣètò ìlú, kí a má ṣe gba ohun ìní rẹ̀ láìnídìí, kí a má ṣe tì í mọ́lé láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a má sì ṣe yà á sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, àlejò tàbí ọmọ ilé tí kò lórúkọ. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí a gbà pé ó wà fún gbogbo ẹni tí a bí sáyé, ibi yòówù kí ó máa gbé, nítorí pé ẹ̀tọ́ aráàlú kò lè dúró láìsí ìlú, láìsí ìjọba, àti láìsí ọ̀nà tí a lè gbà pe ìjọba náà lẹ́jọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, a kọjá sí Amẹ́ríkà níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ̀ láti wọ ọkọ̀ èrò ní Montgomery ní 1955, kí ó tó kan Nàìjíríà lópin, bí ẹni pé ọjà tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé ni. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò bá ètò yìí mu. Ní Abẹ́òkúta, àríyànjiyàn lórí ohun tí aláṣẹ lè ṣe sí ará ìlú àti ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe ti wà kí òyìnbó tó dé. Ìjọba amúnisìn ni ó tú àwọn okùn tí ó so ọwọ́ aláṣẹ, tí ó sì pe ohun tí ó kù ní àṣà ìbílẹ̀. Ìjà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà láàárín 1946 sí 1949 ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé lóye láì kọ́kọ́ padà sẹ́yìn.

Kí Abẹ́òkúta tó wà, inú ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni àwọn Ẹ̀gbá fọ́n ká sí nínú igbó tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn, wọ́n sì pín sí Ẹ̀gbá Aláké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà àti Ẹ̀gbá Gbágùrá. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà. Àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin tí a fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ni ó ń ṣojú ọba Ọ̀yọ́ láàárín wọn, ìtàn àtẹnudẹ́nu kò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ni ará ìlú lára. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni Lísàbí, àgbẹ̀ kan, fi ẹgbẹ́ àáró bojú, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní yípoyípo, tí ó fi kó àwọn ọkùnrin jọ títí tí wọ́n fi dìde pa àwọn ìlàrí tí wọ́n sì já ara wọn gbà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń pe ara wọn ní ọmọ Lísàbí títí di òní. Fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí, ohun tí ó ṣe kókó ni pé ohun ìní tí a fi ipá gbà, láti ọwọ́ aláṣẹ tí kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́kun, ni ó dá ìṣọ̀tẹ̀ náà sílẹ̀, kì í ṣe ìjà ààlà tàbí ìjà oyè.

Lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú náà ká, Ṣódẹkẹ́, olórí ogun wọn, kó àwọn tí ó ṣẹ́kù dé abẹ́ Òkè Olúmọ ní 1830, àwọn Òwu sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ìlú tuntun yìí kì í ṣe ìlú ọba kan. Àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀ dó sí àdúgbò tiwọn, wọ́n gbé orúkọ ìlú wọn àtijọ́ wá, wọ́n sì gbé oyè àti ìgbìmọ̀ wọn wá pẹ̀lú, débi pé ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá kí a tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Àṣẹ ìlú pín sí ọwọ́ púpọ̀. Àwọn Ògbóni, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, ni ó ń ṣòfin tí wọ́n sì ń dájọ́. Àwọn Ológun ni ó ń ṣètò ogun, agbára wọn a sì máa ju ti Ògbóni lọ nígbà tí ogun bá le. Àwọn Pàràkòyí ń bójú tó ọ̀ràn ọjà àti ẹjọ́ ìṣòwò. Àwọn Ọdẹ ń ṣọ́ ìlú. Ìyálóde sì ni olórí àwọn obìnrin, ẹni tí ó lè gbé ẹ̀dùn wọn dé iwájú àwọn olóyè. Ọba tí ó bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ ńlá kan ní láti bá àwọn wọ̀nyí rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣẹ rẹ̀ kò ní kúrò ní ààfin. Àwọn àjèjì tí wọ́n wá sí Abẹ́òkúta nígbà náà máa ń ráhùn pé wọn kò mọ ẹni tí ó ni ìlú. Ìráhùn wọn gan-an jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ni ín.

Kò yẹ kí akọ̀tàn tìtorí èyí kun ìgbà náà ní ẹfun. Ẹrú pọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóko, wọ́n sì ń ru ẹrù epo lọ sí èbúté, ẹrú kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ kankan. Ìwọ̀fà, ẹni tí a fi ṣe ìdógò owó tí ó ń sìn títí a ó fi san gbèsè náà, sàn ju ẹrú lọ nítorí pé ilé rẹ̀ kò sọnù mọ́ ọn, síbẹ̀ ọmọdé tí a fi sọ́fà kò yan ipò náà fúnra rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí ó fi owó àti ohun ìjà ran ìlú lọ́wọ́ nígbà ogun Dàhòmì, tí a sì fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, wà lára àwọn oníṣòwò ẹrú tí ó lọ́rọ̀ jù lọ ní ayé rẹ̀, òtítọ́ méjèèjì ni ó sì yẹ kí a gbé sínú ìwé. Orò náà wà níbẹ̀. Ohun èlò àwọn Ògbóni ni fún ìdájọ́ àti fún lílé ọ̀daràn jáde, ó sì lè mú ọba alágídí wárìrì, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, inú ilé ni gbogbo obìnrin ń wà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú bá gbóná jù lọ ni ilẹ̀kùn ń tì mọ́ ìdajì ìlú. Bákan náà ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi jìyà ní 1849 nígbà tí àwọn olóyè kan gbà pé wọ́n ti kọ ìlú sílẹ̀. Ààbò tí ètò àtijọ́ fún ènìyàn jẹ́ ààbò lọ́wọ́ aláṣẹ tí ó bá fẹ́ dá ìlú ṣe; kì í ṣe ìdọ́gba.

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n kàwé ní Sierra Leone tí wọ́n sì padà wálé láti ìparí àwọn ọdún 1830, mú èrò mìíràn wọ̀lú: pé kí àṣẹ wà nínú ìwé. Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, fi àṣà kíka ọ̀rọ̀ ìlú nínú ìwé lélẹ̀. Ní 1865, George William Johnson, Sàró kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń gba owó ibodè lórí ọjà tí ó ń jáde, kí owó ìlú lè kọjá sí àpò kan tí a lè kà. Ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́ láyé nítorí pé àwọn olóyè àgbà kò fẹ́ fi owó ibodè tiwọn sílẹ̀. Ìfọ́lé 1867, tí a fi lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, kò dá èrò náà dúró. Nígbà tí ó di 1893, gómìnà Èkó, Gilbert Carter, bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn tí ó gbà pé òmìnira ni wọ́n, ní 1898 ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sì gbéra lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, pẹ̀lú akọ̀wé ìjọba, ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá àti ìwé ìṣirò owó. Àwọn ará Èkó tí wọ́n wà lábẹ́ òyìnbó máa ń fi í yangàn pé ó ku ibì kan tí ènìyàn dúdú ti ń ṣàkóso ara rẹ̀.

Ìjọba náà ní àbùkù kan tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà dárúkọ. Bí ó ṣe ń kó àṣẹ jọ sí ààfin Aláké ní Aké ni ọwọ́ àwọn Ògbóni àdúgbò ń tú kúrò nínú rẹ̀, Adégbóyèga Ẹ̀dún tí ó jẹ́ akọ̀wé ìjọba sì di ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ju ọba lọ. Ní 1914, àgbàlagbà kan láti Ìjẹmọ̀, Ṣóbìyí Pọ́nlàdé, kú sí àtìmọ́lé lẹ́yìn tí a mú un lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí a ń fi tipá mú ènìyàn ṣe. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ ní kí Ẹ̀dún kúrò nípò. Dípò kí ìjọba gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó ké sí ọmọ ogun òyìnbó, ní oṣù kẹjọ ọdún náà àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn sí èrò, tí Olúwo Ìjẹmọ̀ fi wà lára àwọn tí ó kú. Òmìnira Ẹ̀gbá kò la ọ̀rọ̀ náà já: ní oṣù kẹsàn-án ni a fagi lé àdéhùn 1893, tí a sì da Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Nàìjíríà tí gómìnà àgbà òyìnbó, Lugard, ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀. Ìjọba tí ó pe ọmọ ogun ẹlòmíràn sí ará ìlú rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lè ṣàkóso mọ́.

Lugard mú ètò kan wá láti Òkè Ọya, níbi tí òyìnbó ti ń ṣàkóso láti ẹ̀yìn àwọn ọba, tí ọba sì ń gba owó orí lọ́wọ́ olúkúlùkù. Owó orí yàtọ̀ sí owó ibodè. Ọjà ni owó ibodè ń tẹ̀lé, ẹni tí kò bá rù kò ní san, ṣùgbọ́n owó orí wà lórí ènìyàn fúnra rẹ̀, ì báà ti tà, ì báà má tíì tà. Ọdún 1918 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin àti ṣílè méjì àbọ̀ fún obìnrin, lórí iṣẹ́ ipá tí kò tíì dáwọ́ dúró àti ilé ẹjọ́ tuntun tí ó ti gba ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn Ògbóni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn ará oko Ẹ̀gbá dìde nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Adùbí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù, wọ́n pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, tí wọ́n kà sí ẹni tí ó gbè sẹ́yìn òyìnbó, ìjọba sì kó ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà láti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lé wọn lórí, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn fi bá a lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀lé e gbà pé owó orí àti ìyípadà ètò ìṣàkóso ni ó fa ogun náà. Iṣẹ́ ipá dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Owó orí dúró.

Ohun kan wà nínú owó orí Abẹ́òkúta tí ó ṣọ̀wọ́n ní ibòmíràn: obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ apá Nàìjíríà, ọkọ tàbí baálé ni ìjọba mọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ìlà-oòrùn sì gbọ́ ní 1929 pé a fẹ́ ka àwọn náà mọ́ ọn, ogun ńlá tí a ń pè ní Ogun Àwọn Obìnrin Aba ni ó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san láti 1918. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ kò sì ti ní ìwé ọjọ́ ìbí, àwọn agbowó orí a máa tú aṣọ lára ọmọ ẹni láti fi ọmú rẹ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí ni ó mú inú bí àwọn ìyá jù lọ nígbà tí ọjọ́ ìjà dé. Ìjọba kà wọ́n sí ènìyàn ní ọjọ́ owó, kò kà wọ́n sí ènìyàn ní ọjọ́ ìgbìmọ̀: ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kò ní obìnrin kan nínú, oyè Ìyálóde sì ti di orúkọ lásán.

Ní 1920 ni Ladapọ̀ Adémọ́lá gorí oyè gẹ́gẹ́ bí Aláké Adémọ́lá Kejì, abẹ́ rẹ̀ ni ètò tí òyìnbó kọ́ sì ti gbó. Òfin sọ ọba di aláṣẹ ìbílẹ̀ anìkànṣàkóso, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òun nìkan ni òfin mọ̀, pé ìgbìmọ̀ tí ó yí i ká kàn lè gbà á nímọ̀ràn, àti pé àjẹ́lẹ̀ òyìnbó nìkan ni ó lè dá a lẹ́kun. Kò sí Aláké kankan ṣáájú 1914 tí ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó le fún ará ìlú ni pé a ń pè é ní àṣà, débi pé ẹni tí ó bá ta kò ó ni a ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ sí àṣà. Àwọn aláàdìrẹ ni ó kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀. Ní 1936, nígbà tí ọjà àdìrẹ ti dẹnu kọlẹ̀ pẹ̀lú ìdíwọ́ ọrọ̀ ajé gbogbo ayé, ọba fòfin de sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó tí àwọn obìnrin náà fi ń rẹ aṣọ, ó ní àwọn ni ó ba ọjà jẹ́. Àwọn aláàdìrẹ gba agbẹjọ́rò, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, ọ̀rọ̀ wọn sì dé inú ìwé ìròyìn Èkó. Àwọn tí a rò pé wọn kò mọ̀ ju ìkòkò aró lọ ti mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì mú ọ̀rọ̀ náà dé ojú ọ̀nà ọjà oúnjẹ. Ìjọba nílò oúnjẹ fún ọmọ ogun, ó dá iye owó lé ọjà, àwọn akódà, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lójú ọ̀nà, wọ́n ń san owó tí kò tó nǹkan tàbí kí wọ́n má san rárá. Ní Èkó, Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń bá ìjọba fa irú ìjà yìí lórí owó orí àti gàrí. Ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ kan tí àwọn ìyàwó àwọn olùkọ́ àti àwọn onígbàgbọ́ tí ó kàwé dá sílẹ̀ láti máa kọ́ ara wọn ní ìmọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ náà wá bá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni olórí rẹ̀. A bí i ní Abẹ́òkúta ní 1900, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta ní 1914, ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1919 sí 1922, ó sì fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wá kọ́ olùkọ́ ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ní 1945 ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ síwájú ìjọba àti ìwé ìròyìn títí tí ìfipágbà náà fi dáwọ́ dúró, ní 1946 sì ni wọ́n yí orúkọ padà sí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, èyí tí àwọn ọlọ́jà pọ̀ nínú rẹ̀ ju àwọn tí ó kàwé lọ. Bí àkọsílẹ̀ ṣe wí, àwọn tí ń san owó ẹgbẹ́ tó ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Olórí wọn bọ́ gáùn sílẹ̀, ó gbé ìró àti bùbá wọ̀, ó sì ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ Yorùbá kí wọ́n wá ògbufọ̀ fúnra wọn. Ìpinnu tí ó ní ìtumọ̀ ìṣèlú ni èyí, nítorí pé ó mú kí obìnrin tí kò kàwé gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórúkọ rẹ̀.

Ìjà owó orí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1946 pẹ̀lú ìbẹ̀wò sí ọba láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi kún owó orí obìnrin. A kò gbọ́. Ẹgbẹ́ náà wá ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò láti yẹ ìwé owó aláṣẹ ìbílẹ̀ wò, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ṣe ohun ìjà. Ìbéèrè wọn ṣe kedere. Kí a fòpin sí owó orí ojú-kan-náà lórí obìnrin; kí a gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń jèrè ní ìlú dípò rẹ̀; kí ètò anìkànṣàkóso kúrò; kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, ìkejì ni àwọn akọ̀tàn kì í sábà tẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó fi hàn pé àwọn obìnrin náà kò kàn sá fún owó sísan: wọ́n ní èrò tiwọn nípa ibi tí owó ìlú ti yẹ kí ó wá.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó ju ẹgbàárùn-ún obìnrin lọ, ìyẹn 10,000, tí wọ́n yí ààfin Aké ká tí wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tún padà. Ọjà dá. Bí ìjọba bá kọ̀ láti fún wọn ní ìyọ̀ǹda ìwọ́de, wọn a ní ọdún ni àwọn ń ṣe tàbí pé àwọn jáde lọ gbafẹ́ ni. A kọ́ wọn bí a ti í fi aṣọ bojú nígbà tí ọlọ́pàá bá ju èéfín tajútajú, àti bí a ti í gbé agolo rẹ̀ padà sọ sí ẹni tí ó jù ú. Orin èébú tí wọ́n kọ sí ọba àti olóyè jẹ́ irú èyí tí àṣà fàyè gbà fún àwọn obìnrin nígbà tí a bá ṣẹ̀ wọ́n, nítorí náà àwọn tí ń pè wọ́n ní aláìmọ̀wà kò rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí a sì fẹ́ fi Orò lé wọn sílé, ìtàn tí a kọ sílẹ̀ sọ pé Ransome-Kútì gba ọ̀pá Orò náà lọ́wọ́ ọkùnrin tí ó gbé e wá. Ibí yìí ni ìjà náà ti kọjá dídá ètò àtijọ́ padà. Wọ́n lo ohun tí ó ń dá aláṣẹ lẹ́kun nínú àṣà, wọ́n sì kọ ohun tí ó ń dá obìnrin lẹ́kun nínú rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, tí ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́, ti sọ púpọ̀ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn nínú ìwé Aké tí ó jáde ní 1981.

Ṣáájú ìwọ́de ààfin yìí, lóṣù kẹjọ 1947, nígbà tí ó wà ní London gẹ́gẹ́ bí obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, Ransome-Kútì kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ pé obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba kí ìjọba òyìnbó tó dé. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn, gbólóhùn náà kọjá òtítọ́, bí a ti rí i lókè. Ẹrú àti Orò kò jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn sí ìjọba amúnisìn, ó gún régé, nítorí pé Ìyálóde 1864 ní agbára tí obìnrin kankan kò ní lábẹ́ ètò 1918. Inú bí Aláké, ó sì kọ̀wé láti ta kò ó. Àwọn ọkùnrin tí ó wà ní ìlú kọ́kọ́ ń wòran. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan láàárín wọn, Ẹgbẹ́ Májẹ̀óbàjẹ́, gbè sẹ́yìn àwọn obìnrin, ní 1948 sì ni àwọn Ògbóni, tí ètò anìkànṣàkóso ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ọgbọ̀n ọdún, kọ ọba sílẹ̀ ní gbangba. Owó orí obìnrin dáwọ́ dúró lọ́dún náà. Lóṣù keje Adémọ́lá kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Òṣogbo, ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 1949 ó sì fi oyè sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó rọ́pò àṣẹ rẹ̀ ní obìnrin mẹ́rin nínú. Láàárín ìgbà tí ó lọ àti ìgbà tí ó fi oyè sílẹ̀, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 1948, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris, ìwé tí kò dé Abẹ́òkúta kí àwọn obìnrin tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ìṣẹ́gun náà kò pé. Ní oṣù kejìlá 1950 Adémọ́lá padà sórí oyè, ó sì jọba títí di 1962, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ anìkànṣàkóso padà mọ́. Èyí tí ó jọ ẹ̀fẹ̀ ni ti ìbò. Ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, owó orí ni a fi ń mọ ẹni tí ó lè dìbò fún ìgbà díẹ̀ nínú àwọn ọdún 1950, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó já ara wọn gbà lọ́wọ́ owó orí bá ara wọn lóde ilé ìdìbò. Ransome-Kútì gbé ẹgbẹ́ náà kọjá Ẹ̀gbá, ó di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1949, àpérò ńlá tí a ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1953 sì béèrè ìbò fún gbogbo àgbà láìka ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Àwọn obìnrin ìlà-oòrùn rí i gbà ní 1954, ti ìwọ̀-oòrùn ní 1959, ti àríwá sì di 1976.

Òfin ilẹ̀ 1960 kọ ẹ̀tọ́ pàtàkì sínú ìwé, lẹ́yìn tí Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, ti dá a lábàá ní 1958 láti fi dáàbò bo àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Orí Kẹrin òfin 1999 ni ó wà nísinsìnyí, abala kejìlélógójì rẹ̀ sì fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nítorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Ìwé kò dá àwọn ológun dúró. Wọ́n ya wọ ilé Fẹlá, akọrin tí ó jẹ́ ọmọ Ransome-Kútì, ní Èkó ní oṣù kejì 1977, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì kú ní 1978. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Bẹ́kọ̀, oníṣègùn tí ó wà lára àwọn tí ó dá ìgbìmọ̀ ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀ ní 1989, lọ sẹ́wọ̀n ní 1995, ó sì di 1998 kí ó tó jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ 1947 ṣì wà láàyè jù lọ kì í ṣe Orí Kẹrin òfin náà, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Láti 1999, ọ̀pọ̀ gómìnà ti máa ń tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká, tí wọ́n sì ń fi àwọn alábòójútó tí wọ́n yàn fúnra wọn sípò, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń bá owó ìsọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ lójoojúmọ́ láìmọ ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ta ko òfin ilẹ̀, pé ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn nìkan ni ó lè ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, àti pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ tààrà. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ni a pè nínú ẹjọ́ náà, Ògùn, ìpínlẹ̀ tí Abẹ́òkúta wà, sì wà lára wọn.